Ta Ni Yóò Fọ Fíìmù Ẹlẹ́hàá?

Fotógíráfà ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí títí mo fi kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra fíìmù wọn ló fún mi ní pátákó náà lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ tiwọn ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè, wọ́n wá kọ tèmi tín-ín-rín sísàlẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ibi ìjókòó. Mi ò bínú nígbà náà. Inú mi ń dùn ni, mo tún máa ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni ohun tó tẹ̀lé e, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí ẹ̀bi tèmi wà.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwọn òbí mi, tíṣà ni àwọn méjèèjì, Basin ni wọ́n kọ́lé sí. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé fótò ni mo fẹ́ kọ́, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń sá tẹ̀lé ìyàwó kiri níbi ìgbéyàwó ni iṣẹ́ fótò. Ó fẹ́ kí n ṣe tíṣà bíi tirẹ̀, kí n rí owó ìfẹ̀yìntì gbà lọ́jọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí, mo kọ́ ọ, mo sì ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, èmi nìkan ni obìnrin tí mo mọ̀ ní gbogbo Ìlọrin tó ń ya fótò, tó tún ń fọ fíìmù, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fúnra rẹ̀. Ohun tó sọ mí di ènìyàn pàtàkì lójú àwọn kan nìyẹn.

Àwọn ẹlẹ́hàá ni mò ń wí. Ìyàwó àwọn àfáà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn kì í ṣàdédé jáde, bí wọ́n bá sì jáde, aṣọ á bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ojú pàápàá á wà nínú ìbòrí. Ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ wọn tàbí ẹbí tímọ́tímọ́ kò gbọdọ̀ rí ojú yẹn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, ọmọ wọn ń parí Kùránì, wọ́n ń ṣe wòlímọ̀, ẹwà ń bọ́ sí wọn lára, ó sì ń ṣá. Àwọn náà fẹ́ rántí bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ogún ọdún. Ta ni yóò yà wọ́n? Èmi ni. N óò wọ agbo ilé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá, ìbòrí á lọ sórí ìṣó, tìróò á jáde, góòlù á jáde, ariwo á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àwọn obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ kò tíì bá wọn jókòó rí. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ṣòkòtò tí mo máa ń wọ̀ sábẹ́ búbá, wọ́n á ní àfi kí n wá ọkọ kejì kún èyí tí mo ní.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, àgbà nínú wọn á bi mí pé, "Àǹtí, ta ni yóò fọ̀ ọ́?" N óò dáhùn pé, "Èmi ni." Ó parí nìyẹn. Kò sí ìwé kankan láàárín wa. Bí mo bá sì tẹ fótò tán, n óò kó o fún wọn pẹ̀lú négétíìfù rẹ̀. Gbogbo fotógíráfà ìlú ló máa ń tọ́jú négétíìfù sọ́wọ́, kí oníbàárà lè padà wá tẹ̀ sí i. Èmi kì í tọ́jú ti àwọn ẹlẹ́hàá. Ohun tó bá jẹ́ ojú wọn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé.

Yàrá kékeré kan ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tí mo fi aṣọ dúdú dí fèrèsé rẹ̀. Gílóòbù pupa kan ló wà níbẹ̀, àti abọ́ mẹ́ta tí mo ń da kẹ́míkà sí. Dáàkúrúùmù là ń pè é. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ilé, òun náà ni ẹni tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ fíìmù yẹn ní agbègbè wa. Àgbàlagbà ni, Ìbàdàn ló ń gbé, oṣooṣù ló máa ń wá. Kì í kàn já ọjà sílẹ̀ kó máa lọ. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á bi mí pé kí ló ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú, omi kànga mi wá ń fi àbàwọ́n sí fótò lára. Bàbá yìí bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ. Nígbà tó padà dé lóṣù kejì, ó kó kẹ́míkà mìíràn wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí n óò ṣe máa pò ó sínú ìwé kékeré kan. Àbàwọ́n náà lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́hàá fún un, kò tún já wọ dáàkúrúùmù mi mọ́ láé. Á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á ké sí mi pé, "Ṣé mo lè wọlé, àbí àwọn ìyàwó àfáà wà nínú omi?" Bí wọ́n bá wà nínú omi, á ní òun ń lọ jẹun, á sì lọ. Mùsùlùmí kọ́ ni bàbá yẹn o. Ó kàn mọ ẹni tó ń bá tajà ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ra fíìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn fún ọdún gbọọrọ, bí tàwọn yẹn tilẹ̀ dín owó. Tiwọn ni mò ń rà, tiwọn ni mò ń polówó, mo tiẹ̀ bá ẹnì kan jà nítorí wọn nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa.

Bàbá ti Ìbàdàn fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún un ní aago, ó lọ sílé. Àwọn tó wá rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ́ ni wọ́n, táì ń fún wọn lọ́rùn, Gẹ̀ẹ́sì ń yọ́ lẹ́nu wọn. Wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí gbogbo fotógíráfà wá bá àwọn ní òtẹ́ẹ̀lì kan. A lọ, tàgbà-tọmọdé, títí kan àwọn tó ń ya pásípọ́ọ̀tù ní Ọ̀fà Garage tí wọn ò lówó ọkọ̀ méjì. Wọ́n fún wa ní mínírà àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí láàárín, wọ́n wá tan fíìmù sára ògiri fún wa. Máṣíìnì ńlá kan ni wọ́n fi hàn wá. Wọ́n á ki fíìmù aláwọ̀ mèremère bọ̀ ọ́ níhìn-ín, fótò á máa jáde lọ́hùn-ún láàárín wákàtí kan. Wọ́n ní láàbù tuntun ń bọ̀ ní Ìlọrin, pé kí a gbàgbé dáàkúrúùmù. "Ẹ kàn yà á, ẹ gbé e wá fún wa," ni ọ̀gá wọn ń wí, bí ẹni pé ó bá wa gbé ẹrù kúrò lórí.

Mo na ọwọ́. Mo bi í pé kí ni ti àwọn oníbàárà tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí fótò wọn. Ó rẹ́rìn-ín. "Mádáàmù, ẹ fọkàn balẹ̀. Máṣíìnì ló ń ṣe é, máṣíìnì ò lójú." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹni tó dúró ti máṣíìnì ńkọ́?" Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ẹlòmíràn béèrè ọ̀rọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Táì wà lọ́rùn ọmọ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó sọ fún un rí ohun tí bàbá ti Ìbàdàn mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Mo lọ kọ lẹ́tà. Bàbá mi ló bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, nítorí nígbà yẹn ó ti gbà pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. A ṣàlàyé ohun gbogbo: àwọn ẹlẹ́hàá, dáàkúrúùmù, ìdí tí fíìmù dúdú-àti-funfun àti pépà rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ wọ́n. A ní bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe láàbù, kí wọ́n fi obìnrin kan sídìí máṣíìnì, kí wọ́n sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà dáadáa ni. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé kan tó bẹ̀rẹ̀ pé Oníbàárà Wa Ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé ẹ gbádùn láàbù wa tuntun. Láàbù tí wọn kò tíì ṣí! Bàbá mi mú bíìrò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe mẹ́rin nínú ìwé wọn, ó fún un ní márùn-ún nínú ogún.

A kọ èkejì. Ẹ̀wù kan tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí láyà ló dé, kò sì gba ọmọ ọdún mẹ́wàá. A kọ ẹ̀kẹta, mo wá fi ìbínú kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó jọ pé ẹ ò kà wá sí mọ́, àwa tí a ti ń bá yín bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí èsì. Mo rò pé wọ́n jù ú nù ni. Ì bá sàn ká ní wọ́n jù ú nù.

Nígbà tó yá, pépà dúdú-àti-funfun tán ní dípò tí wọ́n ń kó ọjà wọn sí. Mo bi akọ̀wé ibẹ̀ pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀. Ó ní àwọn kì í kó o wá mọ́.

"Kí ló dé?"

"Kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́."

"Èmi tí mo dúró níwájú rẹ yìí ńkọ́?"

"Mádáàmù, ọ̀gá àgbà ló ní bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, fíìmù aláwọ̀ wà, a ti dín owó rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo lọ sí Ìbàdàn, mo lọ sí Èkó, mo rí pépà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ rà. Fótò tó jáde láti ara rẹ̀ ń rí bàìbàì bí eérú. Ìyáàgbà ẹlẹ́hàá kan wo tirẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé mo ti kú ni?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹkún ni mo sun. Àìmọṣẹ́ mi kọ́ ló mú ojú ìyáàgbà yẹn rí bí eérú. Àwọn kan jókòó sínú ọ́fíìsì tó tutù, wọ́n fi ìlà kan pa pépà mi rẹ́ nínú ìwé, wọn ò sì bi mí léèrè.

Kí n má purọ́, àwọn obìnrin náà ti ń fẹ́ aláwọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ hàn mí, ó ní, "Ẹ wo làálì mi bó ṣe pupa, ẹ wá sọ ọ́ di dúdú bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n dáàkúrúùmù mi kò lè fọ aláwọ̀, máṣíìnì láàbù nìkan ló lè fọ̀ ọ́. Mo lọ bá mánéjà láàbù tuntun náà nígbà tí wọ́n ṣí i sójú títì. Mo ní kí n máa dúró ti máṣíìnì nígbàkígbà tí fíìmù àwọn ẹlẹ́hàá bá wà nínú rẹ̀, kí n kó fótò bó ṣe ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Ó ní òfin wá láti òkè pé oníbàárà kò gbọdọ̀ kọjá káúńtà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mádáàmù, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé wa. Àṣírí yín bò." Mo ń gbé fíìmù ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjọ́ ìbí lọ fún un. Ti àwọn ẹlẹ́hàá, mo gbé e pamọ́, mo ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pépà ń bọ̀.

Ìyàwó àfáà kan wà tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ. Èmi ni mo ya fótò yìgì rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wojú Olúwa kó tó bímọ. Nígbà tí ọmọ wá dé, ó ránṣẹ́ pè mí fún ìsọmọlórúkọ, ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ dúdú-àti-funfun o, òun ra láàsì aláwọ̀ omi aró nítorí ọjọ́ náà. Mo débẹ̀. Yàrá rẹ̀ kún fún àwọn obìnrin, òun wà láàárín, ó gbé ọmọ lé itan, ojú rẹ̀ ń dán. Ó yí sí mi. "Àǹtí, ta ni yóò fọ̀ ọ́?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Kí n sọ pé ọkùnrin kan ní láàbù ni, ṣé kí n yà á àbí kí n má yà á. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo ronú ọdún mẹ́sàn-án yẹn, mo sì ronú pé bí mo bá tún ní kó ṣe sùúrù, wọn ò ní í pè mí mọ́ nínú agbo ilé náà. Èmi tí mo ń bínú pé wọn ò sọ òótọ́ fún mi, mo la ẹnu, mo ní, "Èmi ni."

Mo gbé fíìmù náà lọ sí láàbù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró síwájú káúńtà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, n kò lọ jẹun. Wọ́n kó fótò mẹ́rìndínlógójì fún mi, wọ́n kó négétíìfù, mo kà á, ó pé. Fótò náà dára, kí n sọ òótọ́. Láàsì ń tàn, làálì pupa, ẹ̀rín rẹ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń kó o sáyà, ó ń ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ mi. Mo ní àmín. Mo tún sọ fún ara mi pé kò sí ewu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wà nínú takisí láti Basin, mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. A kọjá níwájú láàbù náà, mo kàn yí ojú síbẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń yí ojú. Ìyàwó àfáà mi wà nínú ṣóògíláàsì.

Fótò rẹ̀ ga tó ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ṣí, ọrùn rẹ̀ ṣí, irun iwájú rẹ̀ yọ lábẹ́ gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà kó dúró. N kò rántí bóyá mo gba ṣéńjì. Nígbà tí mo dé ìdí gíláàsì náà, mo rí ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé fótò tó gbayì jù lóṣù yìí nìyí, láti ọwọ́ oníbàárà wa pàtàkì. Orúkọ mi ló tẹ̀lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Mánéjà rí mi, ó yọ síta tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mádáàmù! Ẹ kú oríire o! A ti ń retí yín. Ẹ jẹ fíìmù ọ̀fẹ́ mẹ́wàá!"

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kí o yọ obìnrin yìí kúrò níbẹ̀! Ta ló ní kí o gbé e síbẹ̀? Èmi ni, àbí òun, àbí ọkọ rẹ̀?"

Ìpayà bá a, mo rí i pé kò ye é rárá. Ó ní ọ́fíìsì àgbà ni wọ́n kọ̀wé sí òun, pé mádáàmù kan wà ní Ìlọrin tó ń kọ lẹ́tà pé a ò ka òun sí, kí wọ́n wá nǹkan fi pọ́n ọn lé. Òun náà bá yẹ fíìmù mi wò lọ́jọ́ tí mo gbé e wá, ó mú èyí tó dára jù, ó tẹ̀ ẹ́ sí ńlá kó tó kó négétíìfù fún mi. "Ẹ̀yin náà lẹ béèrè fún un, mádáàmù. A gbọ́ ohùn yín."

Lẹ́tà mẹ́ta! Bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ṣe, ohun tí a fẹ́ ṣe kedere bí ọ̀sán, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wá rí kà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé obìnrin kan ń wá ìyìn. Mo ní, "Ó tó ọjọ́ mélòó níbí?" Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kọjá káúńtà tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọjá, mo ṣí ẹ̀yìn gíláàsì, mo fa fótò náà bọ́. Ó ń tẹ̀lé mi pé ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni, pé òun ní láti fọwọ́ sí ìwé. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tí ọmọ tíṣà kì í sọ. Àwọn ènìyàn ti péjọ síta. Bí wọ́n ti ń wò mí ni mo ń ká a, tí mò ń fi ara bò ó, ṣùgbọ́n kí ni mo tún ń bò? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá.

Mo gbé e délé, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń ro ó. Obìnrin tí kì í jáde, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Mo lè jó o níná, kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ni àwọn ọmọ kéú ọkọ rẹ̀ ń gbà lọ sọ́jà. Wọn kò mọ ojú ìyàwó àfáà wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mọ̀ ọ́n, ìyá ọkọ mọ̀ ọ́n, àwọn tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mọ láàsì yẹn. Bí ó bá ti ẹnu ẹlòmíràn gbọ́, yóò burú ju èyí lọ. Mo lọ lẹ́yìn ìrun áásárì, mo gbé fótò náà tí mo ká sínú bébà dání.

Ó ń fọ́mọ lọ́mú nígbà tí mo wọlé. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo bó ti sanra." Mo jókòó sórí ẹní. Mo sọ fún un. N kò fi nǹkan pamọ́: pé èmi kọ́ ni mo fọ̀ ọ́, pé mo purọ́ fún un, pé wọ́n gbé e kọ́ sójú títì. Ó fetí sílẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́sàn-án."

Mo ń retí kó pariwo, kó lé mi síta, kó gégùn-ún. Ì bá ti rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí kò ṣe èyíkéyìí, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ilé-iṣẹ́ náà. Mo sọ ti pépà tí wọn ò kó wá mọ́, ti lẹ́tà mẹ́ta, ti kàlẹ́ńdà, ti òfin tó ní kí n má kọjá káúńtà. Mo ní wọn ò gbọ́ tẹnu wa, wọn ò mọ ẹni tí à ń ṣiṣẹ́ fún, wọ́n ti yí padà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, "Àǹtí, èmi ò mọ ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ọmọ ti sùn. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ìbòrí rẹ̀ lórí ìṣó, ó fi í borí, ó fà á wálẹ̀ títí ó fi bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì padà wá jókòó síwájú mi. Àwa méjì nìkan la wà nínú yàrá náà, obìnrin sí obìnrin, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bo ojú fún mi rí.

Mo gbé fótò náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ ní àlàáfíà, mo sì dìde.